Ẹni tó ń tàsé kọ́ ni kò wúlò: ọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń to ikọ̀ nínú Baldur's Gate 3

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti ẹnu admin. A tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ohùn mẹ́rin ni.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, ní Kaduna, ní Makurdi, ní Onitsha, ní Maiduguri, àti àwa tí òtútù Jos ń bá fínra, Ọlọ́run á jẹ́ ká kó èrè oko òwò délé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan níbí. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń retí JAMB, géèmù ló ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kí àwọn kúkú fọ́ láptọ́ọ̀pù náà ni? Àwọn kan nínú yín dáhùn pé kí wọ́n fọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé èmi náà ń gbá géèmù yẹn pẹ̀lú ọmọ mi. Háà! Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ ní admin ti padà di ọmọdé. Kò burú, mo gbà.

Àmọ́ kì í ṣe géèmù nìkan ló gbé mi dé orí ohùn lónìí. Mo jẹ gbèsè kan nínú ẹgbẹ́ yìí, màá san án kí n tó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé géèmù náà, torí inú ẹ̀ ni mo ti rí i pé mo jẹ gbèsè.

Orúkọ ẹ̀ ni Baldur's Gate 3. Àwọn Larian Studios ní ìlú Ghent, ní orílẹ̀-èdè Belgium, ló ṣe é. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ló jáde. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ti jáde láti 1998, àwọn BioWare ará Kánádà ló ṣe ìyẹn. Òfin tí wọ́n sì ń lò wá láti inú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn èèyàn á jókòó yíká bí ìgbà tí àwọn àgbà bá jókòó ti ọpọ́n ayò. Géèmù tiwa yìí tóbi o. Ó ń béèrè àyè 150GB. Dátà òru ni ọmọ mi fi fà á wálẹ̀, ó sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwọ nìkan kọ́ ni wàá dá rìn nínú ẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á dúró sí ibùdó. Iṣẹ́ 12 ló wà tí ẹnì kan lè yàn: jagunjagun, àlùfáà, gbéwiri tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́, ọ̀mọ̀wé tó ń fi ìwé kọ́ ọfọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe, yálà o fẹ́ gbá ọ̀tá ni, tàbí o fẹ́ parọ́ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ju dáìsì. Ṣé ẹ mọ dáìsì lúdò? Tiwọn ní ojú 20. Iye tó bá já, wọ́n á fi agbára tìẹ kún un, wọ́n á wò ó bóyá ó tó.

OHÙN KEJÌ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ènìyàn kan. Gbogbo ẹ̀dá inú géèmù náà ní nǹkan mẹ́fà lára. Strength ni agbára apá. Dexterity ni yíyára ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Constitution ni líle ara. Intelligence ni ọpọlọ ìwé. Wisdom ni ọgbọ́n àti ojú inú. Charisma wá ni ẹnu dídùn, èyí tí gbogbo oníṣòwò ń tà kó tó ta ọjà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 8. Wọ́n á wá fún ẹ ní owó 27 láti ná. Owó yẹn kan náà ni fún gbogbo èèyàn, kò sí ọmọ olówó, kò sí ọmọ tálákà. Láti 8 dé 13, ìgbésẹ̀ kan owó kan. Àmọ́ láti 13 sí 14, owó 2. Láti 14 sí 15, owó 2 míì. O ò lè rà kọjá 15. Tí o bá ná an tán, wọ́n á fún ẹ ní èènì: 2 fún ọ̀kan, 1 fún òmíràn.

Ibi tí òwò ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Pín in dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wa mú níbì kan." A pín in: 13 lọ́nà mẹ́ta, 12 lọ́nà mẹ́ta. Ẹ kà á wò, owó 27 géérégé. Nígbà tí a fi èènì kún un, ó di 15, 14, 13, 12, 12, 12. Ó dára lójú, àbí?

Kò dára rárá. Ìdí ẹ̀ ni pé dáìsì kì í wo iye yẹn fúnra ẹ̀, àfikún tó ń ti ibẹ̀ wá ló ń wò. Ẹni tó ní 10 tàbí 11, kò ní àfikún. 12 àti 13, àfikún 1. 14 àti 15, àfikún 2. 16 àti 17, àfikún 3. Nítorí náà 15 tí a ní yẹn, bíi 14 ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tèmi ò lè ṣe nǹkan kan kọjá àfikún 2. Ẹlòmíì tó gbé owó 27 yẹn sórí nǹkan mẹ́ta péré, 15 lọ́nà mẹ́ta, tó fi èyí tó kù sílẹ̀ ní 8, á ní 17, 16, 15. Àfikún 3, 3, 2. Òótọ́ ni pé ó ń pàdánù 1 lórí mẹ́ta yòókù, àmọ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Èyí tí kò mọ̀, ẹlòmíì nínú ikọ̀ á bá a ṣe é.

Ẹ wá lè bi mí pé 17 àti 15 ńkọ́, ṣebí mo ní oókan tó ṣẹ́kù lórí wọn ò ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó mọ ìṣirò ń fi pamọ́ ni. Tí o bá dé ìpele 4, wọ́n á fún ẹ ní owó 2 míì. O fi ọ̀kan sórí 17, ó di 18. O fi ọ̀kan sórí 15, ó di 16. Méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn ṣe ń ra ọjà sílẹ̀ de ìgbà ọdún ni.

Tí o bá kọ́ ọ tán tó jẹ́ pé o ti ṣì í kọ́, ọ̀nà àbáyọ wà. Òkú àgbà kan wà ní ibùdó, Withers lorúkọ ẹ̀, òkú tó ń sọ̀rọ̀. O san góòlù 100 fún un, á tú ẹni náà palẹ̀, wàá tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá kú, góòlù 200 ló ń gbà láti jí i. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe pọ́n ju àjíǹde lọ.

OHÙN KẸTA

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí mo ṣe pa gbogbo wa.

Ọ̀nà kan wà láti gbá géèmù náà tí wọ́n ń pè ní Honour Mode. Ìparí oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n fi kún un. Nínú tìyẹn, ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ni o ní. Tí gbogbo ikọ̀ bá kú, ó parí nìyẹn, o ò lè padà sí àná. Ọmọ mi ní ká gbìyànjú ẹ̀. Mo ní èmi ni màá to ikọ̀.

Obìnrin kan wà nínú géèmù náà tó ń jẹ́ Shadowheart, àlùfáà ni. Ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ pàdé. Ó ní ọfọ̀ iná kan tó máa ń jù lu ọ̀tá. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí ń tàsé! Á jù ú, á tàsé. Á tún jù ú, á tún tàsé. Mo bínú. Mo ní, "Ẹni tí kò lè pa eṣinṣin, kí ló ń bá wa jẹun fún?" Mo ní kó lọ jókòó sí ibùdó. Gbéwiri wa, Astarion, mo mú un lọ bá òkú àgbà, mo san góòlù 100, mo sọ ọ́ di jagunjagun. Lae'zel, jagunjagun. Karlach, obìnrin tí iná ń jó nínú àyà ẹ̀, oníbìínú tó ń fi àáké ńlá jà. Èmi náà, jagunjagun. Apá mẹ́rin, ìdà mẹ́rin. Nígbà tí a bá gbá èèyàn, á wólẹ̀. Inú mi dùn.

A dé inú ihò ìyá alántakùn. Ẹni tó bá ti gbá a mọ̀ ọ́n. Alántakùn yìí kì í dúró lójú kan kó o gbá a. Á pòórá níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún, orí afárá okùn tó fi ara ẹ̀ ta sókè ló ń dúró sí, á máa tu oró sí wa. Ẹyin rẹ̀ ń pa, àwọn ọmọ ń jáde. Ìdà mẹ́rin wa ń sáré kiri nísàlẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa. Ọ̀kan wa ṣubú. Ẹlòmíì fi gbogbo ìgbà tiẹ̀ lọ gbé e dìde, ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan péré lẹni náà fi dìde. Wọ́n tún gbá a wólẹ̀. Ẹni tó lọ gbé e náà ṣubú. Báyìí báyìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ó lé ní ogún wákàtí tí a ti fi gbá a. Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn pa láptọ́ọ̀pù dé, ó jáde lọ.

Nígbà tó padà wọlé, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ ìdí tí Shadowheart fi ń tàsé?" Mo ní torí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó ṣí ojú ewé ẹ̀ hàn mí. Wisdom ẹ̀ jẹ́ 17. Intelligence ẹ̀ jẹ́ 10. Ọfọ̀ iná yẹn, Intelligence ló ń lò! Ìyẹn ni pé àfikún ẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń rán an jẹ́ òdo. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀ ni mo ń rán an, tí mo sì ń fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ tiẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọfọ̀ kan tó ń jẹ́ Bless, àdúrà ni. Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe é fún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá gbàdúrà fún, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbá ọ̀tá, á ju dáìsì kékeré olójú mẹ́rin kún dáìsì ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí oníṣòwò. Dáìsì olójú mẹ́rin, tí a bá pín in dọ́gba, 2 àbọ̀ ló ń mú wá. Ká ní ẹnì kan ń gbá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú 20. Pẹ̀lú àdúrà, ó di 12 àbọ̀ nínú 20. Èèyàn mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá a lẹ́ẹ̀ 20, ó di 60. Tẹ́lẹ̀, 30 ló ń bà. Ní báyìí, 37 àbọ̀. Ìbà méje sí mẹ́jọ tí kò sí tẹ́lẹ̀! Tí ẹ bá wá wo ìwé àkọsílẹ̀ ìjà náà, ẹ ò ní rí orúkọ Shadowheart lórí èyíkéyìí nínú wọn. Lae'zel ló gbá a, Karlach ló gbá a. Òun ò gbá ẹnì kan.

Ó tún ní ọ̀rọ̀ ìwòsàn kan, Healing Word. Láti òkèèrè ló ń sọ ọ́, ẹni tó ṣubú á dìde, òun náà á sì tún ráyè ṣe iṣẹ́ míì nígbà náà. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti iná tó ń tàsé yẹn. Okùn alántakùn kì í yẹ̀. Tó bá sọ iná yẹn lu afárá okùn tí ìyá alántakùn dúró lé, okùn á jó, alántakùn á já lulẹ̀ láti òkè, á fara pa. Ẹni tí mo fi sílẹ̀ ní ibùdó ni oògùn ihò yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a mú un dání, tí Astarion sì padà sí iṣẹ́ gbéwiri tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ fọ́ ẹyin kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, a jáde nínú ihò náà láyọ̀.

OHÙN KẸRIN

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn tó ṣe é, torí iṣẹ́ ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Bí wọn ò bá fi òṣùwọ̀n sí i, gbogbo èèyàn á kàn máa ṣe nǹkan kan náà. Ẹ wò ó: àdúrà yẹn ń fẹ́ kéèyàn pọkàn pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹnì kan lè dì mú. Tí wọ́n bá gbá a, ó lè já a sílẹ̀. Nítorí náà àlùfáà nílò jagunjagun tó máa dúró níwájú ẹ̀. Jagunjagun nílò àdúrà, aládùúrà nílò asà. Ọ̀mọ̀wé ìwé lè sọ bọ́ǹbù iná tó ń jó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tó bá ti ná ọfọ̀ ẹ̀ tán, ó di ìgbà tí wọ́n bá sùn, oúnjẹ 40 sì ni oorun yẹn ń gbà, 80 tó bá jẹ́ ọ̀nà tó le. Jagunjagun ò nílò oorun tó bẹ́ẹ̀, apá ẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ta ló ga ju ẹnì kejì lọ níbẹ̀? Ó kù sí bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Àbùjá náà wà o. Ìyá kan ń ta àgbo tó ń sọ Strength èèyàn di 21 títí o fi máa sùn. Ẹni tí Strength ẹ̀ jẹ́ 8, á mu ún, á di òmìrán. Àwọn ọmọ kan ti mọ ọ̀nà yẹn, wọn ò náwó sórí Strength mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ìyá alágbo yẹn kì í ṣe ìyá rere, ẹni tó bá gbá a dé iwájú á rí i. Bákan náà, ọfọ̀ kan wà tó ń sọ èèyàn di ayára-bí-àṣá, Haste. Ní Honour Mode, wọ́n dín agbára ẹ̀ kù, ìgbá kan péré ló kù nínú èrè tó ń mú wá. Wọn ò pa á rẹ́. Wọ́n kàn rí i pé ohun kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ pọ̀ débi tí àwọn yòókù á fi di aláìnílò.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Èmi ti rò pé òṣùwọ̀n ni kí gbogbo èèyàn máa gbá ọ̀tá bákan náà. Rárá. Òṣùwọ̀n ni pé kí ó ní ibì kan tó jẹ́ pé tí lágbájá ò bá sí níbẹ̀, a gbé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nǹkan kan tún wà: ìmọ̀ tí a bá rí lójú ìjà, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in. Ẹni tó jókòó sí ibùdó lónìí náà ń gòkè sí ìpele kan náà pẹ̀lú wa, títí dé 12 tó jẹ́ òpin. Wọ́n mọ̀ pé a lè nílò ẹ̀ lọ́la.

Ó wá kan gbèsè mi.

Oṣù tó kọjá, èmi admin ni mo kọ ọ́ síbí pé owó àjọ ẹrù wa ti Jos, kí a má pín èrè ẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba mọ́. Mo ní kí a máa wo iye tí oníkálukú tà. Ẹ̀yin kan fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, bí mi ò tilẹ̀ dárúkọ. Bàbá wa kan ni, tí ọjà wọn ò yá mọ́, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣí ìwé, iye tiwọn ló kéré jù.

Àmọ́ ta ló ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹrù bá ń bọ̀ láti Èkó? Ta ló ń gbọ́ Hausa débi pé àwọn ará gáréèjì ń pè wọ́n ní bàbá? Ta ló ń kọ orúkọ oníkálukú sára ẹrù tí kì í fi í ṣi? Nígbà tí wọ́n lọ sílé fún ìsìnkú ní ìjọ́sí, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹrù wa fi sùn sí gáréèjì, àpò méjì sì rìnrìn àjò tí a ò rí i mọ́ di òní. Èmi tí mò ń ta ọjà jù lọ, kí ni mo rí tà lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn? Òdo. Ìwé ìtajà ni mò ń wò, mi ò wo ẹni tó ń jẹ́ kí a rí nǹkan tà. Iná tó ń tàsé ni mo fi dá àgbà lẹ́jọ́.

Bàbá, mo mọ̀ pé ọmọ yín á ka èyí fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbangba ni mo ti sọ ọ́, gbangba ni mo ti ń kó o jẹ. Mo yọ àbá mi kúrò. Ìpàdé wa ti ọjọ́ Sátidé, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde sọ ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ àbá náà lè gbé e wá, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, àmọ́ kò ní gba ẹnu mi wọlé mọ́.

Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀, mi ò gbàgbé yín. Ẹ má fọ́ láptọ́ọ̀pù o, owó ni. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé géèmù àgbà ni, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìhòòhò náà wà níbẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ìhòòhò yẹn ṣeé pa nínú sẹ́tìn-ìn-nì. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ní kó ṣàlàyé fún yín bó ṣe ná owó 27 ẹ̀, àti ìdí tó fi mú àwọn mẹ́rin tó mú. Tó bá ṣàlàyé ẹ̀ tó yé yín, ẹ fún un ní wákàtí tiẹ̀ lẹ́yìn ìwé JAMB, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá rí àlàyé ṣe, ẹ gba láptọ́ọ̀pù náà, ẹ gbé e wá bá mi ní Jos, màá bá yín tà á.

Ọ̀la ọjà á san wá, ẹrù wa ò ní sùn sọ́nà. Àmín.